Omi Àlejò ní Agọ́ Májẹ̀mú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ìrìn-àjò tí mo lọ yìí kò fi ọkàn mi balẹ̀. Mo jẹun yó, wọ́n tọ́jú mi, wọ́n pa mí lẹ́rìn-ín títí, síbẹ̀ ẹ̀rù ló bá mi délé. Ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe ti òkun. Òkun, èèyàn ń rí i.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ìròyìn. Mo ti dé ibi tí iná ti jó ọjà, mo ti dé ibi tí odò ti gbé afárá lọ. Nígbà tí ọ̀gá mi ní kí n tẹ̀lé Dókítà Mojísọ́lá lọ sí etíkun Ìlàjẹ, mo rò pé ó fẹ́ kí n sinmi ni. Dókítà yìí kì í gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Yàrá àyẹ̀wò ní yunifásítì ló ti ń ṣiṣẹ́, àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló sì ń wò. Ó ń rìn káàkiri Nàìjíríà, ó ń bu omi odò, omi kànga, omi gọ́tà, ó sì ń bi gbogbo wọn ní ìbéèrè kan náà: kí ló dé tí oògùn tó ń pa kòkòrò láyé ìyá wa kò fi rí wọn pa mọ́?

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí fún mi nínú mọ́tò, "ibi táwọn èèyàn bá ti ń lo oògùn bó ṣe wù wọ́n, ibẹ̀ ni mo máa ń lọ."

"Ìlú tiwa náà ńkọ́?" mo bi í.

"Ìlú tiwa ni mo ti bẹ̀rẹ̀."

*

Ibi Tí Ilẹ̀ Tán Sí

Ní Igbókòdá ni ilẹ̀ tán sí, tí omi gba ọ̀rọ̀ sọ. Orímisàn ló gbé wa, ọ̀dọ́kùnrin apẹja tí Dókítà ti bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ọwọ́ òsì ló fi ń tu ẹ̀ńjìnì ọkọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wà nínú aṣọ funfun tí wọ́n wé mọ́ ọn, ó gbé e lé orúnkún bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn.

"Kí ló ṣe ọwọ́ yẹn?"

"Ẹja òbòkún ló fi ẹ̀gún gún mi. Ó fẹ́ kí n máa rántí òun."

Ìgbì kékeré kan gbá ìdí ọkọ̀, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ mú. Orímisàn rí mi.

"Ará òkè, ẹ tú u sílẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe ẹṣin lẹ gùn. Bẹ́ ẹ bá fún un lọ́rùn pa, kò ní sáré ju báyìí lọ."

Obìnrin kan tó gbé agbọ̀n àlùbọ́sà sáàárín ẹsẹ̀ lẹ́yìn wa gbà mí sílẹ̀. "Fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀, Orímisàn. Ìgbà tí ìwọ alára dé Àkúrẹ́, ta ló fà ọ́ lọ́wọ́ sọdá títì?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń bá ara wọn sọ èdè Ìlàjẹ, mo ń gbọ́ ìlàjì, ìlàjì ń bọ́ sómi. Ilé lẹ́nu wọn, ulé ni. Ọmọ, ọma ni. Bí wọ́n bá wá kọjú sí mi, wọn a yí i padà sí Yorùbá tí mo gbọ́, bí ìgbà tí èèyàn bá lọ wọ ẹ̀wù nítorí àlejò. Látọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò tíì jẹ́ àlejò nínú èdè ara mi bẹ́ẹ̀ rí.

A yà ní Ayétòrò. Ẹ ti gbọ́ nípa ìlú yìí, bí òkun ṣe ń jẹ ẹ́. Gbígbọ́ kò tó. Bàbá kan tó ti ṣe tíṣà rí jókòó sórí pákó lẹ́bàá omi, ó ń tún àwọ̀n ṣe, ó sì fi orí tọ́ka sójú òkun.

"Ilé ìdáná wa nìyẹn."

"Níbo, bàbá?"

"Ibi tí ìgbì yẹn ti ń fọ́ un." Ó tún fa òwú àwọ̀n já. "Ẹ̀yin ará òkè máa ń bi wá pé kí ló dé tí a kò kó lọ. Ẹ kúkú bá wa bi òkun pé kí ló dé tí kò dúró."

Ó wo kúlà tó wà lọ́wọ́ Dókítà Mojísọ́lá, ó ní ṣé yìnyín ló ń tà ni. Dókítà ní rárá, omi lòun wá bù.

"Omi?" Bàbá gbé àwọ̀n sílẹ̀. "Ẹ bù ú o. Ẹ bù ú dáadáa. Bẹ́ ẹ bá lè kó gbogbo ẹ̀ lọ, n kò ní bínú."

*

Omi Àlejò

Ó di ìrọ̀lẹ́ kí á tó kọjá Awoye dé Agọ́ Májẹ̀mú. Abúlé orí omi ni. Gbogbo ilé dúró lórí òpó, afárá pákó ló so wọ́n pọ̀, omi dúdú tí epo ń dán lójú rẹ̀ sì ń lọ ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Òórùn ẹja yíyan ti pàdé wa kí a tó rí ilé kankan.

Ìyá Orímisàn dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin kúkúrú ni, èéfín ẹja ti pọ́n ojú rẹ̀, opó sì ni. Ọmọ kan ṣoṣo tó kù sílé pẹ̀lú rẹ̀ ni Orímisàn.

"Ẹ kú ewu omi o. Ẹ kú ìfaradà ọmọ mi. Ṣé kò fi ẹnu pa yín?"

Kò tíì jẹ́ kí a jókòó tó fi gbé omi wá nínú ife onídèérí. Ó kọ́kọ́ mu díẹ̀ níwájú wa, bí àṣà, kí àlejò lè mọ̀ pé ohun tó mọ́ lòun gbé wá. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Ẹ rántí pé omi iyọ̀ la ti ń wò láti àárọ̀. Mo mu ún tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó tutù, ó dùn, àfi ìkorò díẹ̀ kan tó dúró sí ẹ̀yìn ahọ́n.

"Omi yìí dára, ìyá."

"Omi òjò ni. Ti àlejò sì ni. A kì í fún yín ní tiwa."

"Kí ni ìyàtọ̀?"

Ó mú wa lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Dúrọ́ọ̀mù ńlá kan wà lábẹ́ páànù, ibẹ̀ lòjò máa ń ṣàn sí. Ti ilé nìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ búlúù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó lẹ́nu, wọ́n sì so ó. Ti àlejò nìyẹn.

"Ikùn ará òkè kò lágbára," ó wí, bí ẹni tó ń bá wa kẹ́dùn. "Tiyín, ìlọ́po la máa ń fi sí i."

"Ìlọ́po kí ni?"

Ó na ọwọ́ sí abẹ́ òrùlé, ó yọ náílọ̀n kan jáde. Bí mo ti rí ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Kápúsù tí ìdajì rẹ̀ pupa, tí ìdajì rẹ̀ yẹ́lò, èyí tí wọ́n ń tà ní gbogbo ìsọ̀ kẹ́míìsì lọ́dọ̀ wa fún inú rírun, fún egbò, fún ọ̀fun dídùn, fún ohun gbogbo. Ní Agọ́ Májẹ̀mú, aláṣọ méjì ni wọ́n ń pè é.

Ó bọ́ aṣọ méjèèjì lára kápúsù kan, ó da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, ó tún ṣe èkejì. Ó fi igi rò ó. "Ó ti tán. Kò sí ohun tó lè wà láàyè níbẹ̀."

Mo bojú wo Dókítà Mojísọ́lá. Ife tirẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kún, kò tíì fi kan ẹnu. Ife tèmi ti gbẹ.

Mo bi ìyá bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀:

"Ìgbà kan tí onígbáméjì wọlé síbí, ó ṣe wá ní nǹkan. Àwọn elétò ìlera gbé ọkọ̀ wá, wọ́n kó wa jọ, wọ́n ní kòkòrò ló wà nínú omi. Wọ́n fún wa ní oògùn wóró-wóró funfun, wọ́n ní ká máa jù ú sínú omi ká tó mu ún. A ń jù ú, àìsàn náà lọ. Oògùn wọn wá tán. A retí wọn, retí, wọn ò padà wá. Àwa obìnrin jókòó, a rò ó. Aláṣọ méjì ń pa kòkòrò nínú ikùn. Ikùn jìn, ó ṣókùnkùn. Bó bá lè wá kòkòrò rí níbẹ̀, ṣé inú dúrọ́ọ̀mù ló máa wá ti í?"

Iṣẹ́ mi ni kí n wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti já. Mo wá a nínú èyí, n kò tètè rí i.

Wọ́n gbé oúnjẹ wá. Púpurú ni, òkèlè ẹ̀gẹ́ tó funfun, ó gbóná, ó ní òórùn èéfín díẹ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ marùgbó tó dúdú bí ilẹ̀ odò, ẹja tútù sì ń yọjú nínú rẹ̀. Mo bu òkèlè bí ẹni bu ẹ̀bà. Orímisàn, tó ń fi ọwọ́ òsì jẹun, ní kí ìyá òun wo bí ará òkè ṣe ń jà pẹ̀lú oúnjẹ. Mo jẹun dáadáa. Ṣùgbọ́n láàárín òkèlè kan àti èkejì, mo ń tẹ́tí sí ikùn mi.

Nígbà tí a jáde sórí afárá, mo bi Dókítà léèrè jẹ́jẹ́ pé ṣé kí n má mu omi yẹn mọ́.

"Ẹ ti mu ún, ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe májèlé. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń rò."

"Ta lò ń rò?"

 Ojú rẹ̀ wà lára Orímisàn, tó ń rọra tú aṣọ ọwọ́ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, tó ń bu omi dúrọ́ọ̀mù fọ̀ ọ́.

*

Wọ́n Wá Fọnná

Ní òwúrọ̀, ìyá ti kóná sí ààrò tó fi ń yan ẹja. Obìnrin ilé kejì, Ìyá Ẹbùn, gba orí afárá wá pẹ̀lú àpáàdì lọ́wọ́. Ó tóbi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ti ọkùnrin.

"Mo wá fọnná o. Ṣé ará òkè ti jí? Mo rò pé ẹ̀fọn ti gbé wọn lọ."

Ó kó ẹyin iná méjì sórí àpáàdì, ó lọ. Dókítà Mojísọ́lá fi ojú sìn ín títí ó fi wọlé tirẹ̀, ó wá yíjú sí mi.

"Ẹ bi mí lánàá pé ta ni mò ń rò. Ẹ rí obìnrin yẹn? Ó ti ní iná báyìí. Ṣé ti ìyá kú?"

"Kò kú."

"Bí ọ̀rọ̀ àwọn kòkòrò yìí ṣe rí nìyẹn. Nínú ara kòkòrò kọ̀ọ̀kan, àwọn àṣẹ tín-tìn-tín kan wà tó ń sọ bí yóò ṣe máa gbé ayé ẹ̀. Jíìnì là ń pè é. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní jíìnì tó mọ bí a ṣe ń sá fún oògùn, kì í ṣe ọmọ ẹ̀ nìkan ló máa fi sílẹ̀ fún. Aládùúgbò lè wá fọn ọ́n. Ẹ̀yà kòkòrò mìíràn pátápátá lè wá fọn ọ́n. Ẹni tó fún un kò sì pàdánù ohunkóhun. Èyí tó burú jù ni pé jíìnì kan kì í sábà dá rìn. Ẹni tó wá fọn ti aláṣọ méjì lè bá ti oògùn mìíràn pàdé lórí àpáàdì kan náà."

"Nínú kẹ́ẹ̀gì àlejò?"

"N kò tíì mọ̀. Ìdí tí mo fi gbé kúlà wá nìyẹn."

Ó pe Orímisàn, ó ní kó jẹ́ kí òun wo ọwọ́ náà. Orímisàn ní kò sí nǹkan níbẹ̀, ó ti ń dára.

"Irọ́ ló ń pa," ìyá rẹ̀ wí látìdí ààrò. "Kì í sùn. Bó bá sùn, á máa pe bàbá ẹ̀."

Nígbà tí aṣọ náà kúrò, èmi náà wo ibòmíràn. Ọwọ́ ti wú títí àwọn ìka kò lè pa dé. Ìyẹ̀fun yẹ́lò ti gan mọ́ ojú egbò ní ìdí ọmọńdinrín, ọyún ń gba abẹ́ rẹ̀ jáde, pípọ́n rẹ̀ sì ti gun ọrùn ọwọ́. Òórùn rẹ̀ borí ti ẹja. Ìyá ní òjoojúmọ́ lòun ń da aláṣọ méjì sí i, Orímisàn sì ń gbé e mì lówùúrọ̀ àti lálẹ́.

Dókítà ní kí wọ́n jẹ́ kí a jọ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Gbogbo ẹ̀rín tó wà lójú Orímisàn ló parẹ́.

"Ọkùnrin kan láti abúlé kejì lọ," ó wí. "Apẹja bíi tèmi. Wọ́n wò ó, wò ó, oògùn kò ràn án."

Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ lé ìgúnpá ara rẹ̀. "Ibí ni wọ́n ti gé e."

"Wọ́n ní kó dúpẹ́ pé òun yè," Orímisàn wí. "Ó ń dúpẹ́. Ó jókòó sílé, ó ń dúpẹ́. Ọwọ́ méjì la fi ń fa àwọ̀n, dókítà. Àwọ̀n kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

Dókítà sọ fún un pé bó bá dúró, ó lè di ohun tó ju ọwọ́ lọ. Ó gbọ́. Kò mira. Ọ̀rọ̀ tó sọ kò kúrò létí mi: "Ẹ lọ wò ó kẹ́ ẹ tó ní kí n wá. Bẹ́ ẹ bá mọ oògùn tó máa pa á, ẹ pè mí, màá sáré wá. Bẹ́ ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, kí ni mo fẹ́ wá ṣe? Kí n wá gbé ọwọ́ fún wọn?"

Dókítà Mojísọ́lá kò bá a jà. Ó fi òwú mímọ́ nu inú egbò náà, ó tì í sínú ìgò kékeré. Ó bu omi dúrọ́ọ̀mù, ó bu ti kẹ́ẹ̀gì àlejò, ó bu ti odò abẹ́ ilé. Ó ní kí wọ́n yéé da ìyẹ̀fun sí ojú egbò, kí wọ́n máa fi omi tó ti hó, tó sì ti tutù, fọ̀ ọ́. Ó wá gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fa ìlà yí apá Orímisàn ká, ní òkè díẹ̀ sí ibi tí pípọ́n náà dé.

"Ìyá, ẹ máa wo ìlà yìí. Bó bá kọjá ẹ̀, ẹ má bi í léèrè mọ́. Ẹ gbé e wá."

Orímisàn ló fi ọkọ̀ gbé wa padà, ọwọ́ kan lórí ẹ̀ńjìnì. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo di etí ọkọ̀ mú bó ṣe wù mí, kò sọ nǹkan kan. Ó wù mí kó sọ ọ́.

*

Ìlà

Ó yẹ kí n máa bọ̀ nílé lẹ́yìn èyí. Ìròyìn ti wà lọ́wọ́ mi. N kò lè bọ̀. Mo jókòó sí ọ̀nà àbáwọlé yàrá àyẹ̀wò Dókítà Mojísọ́lá, mo ń mu tíì olómi lásán, mo ń wo fóònù.

Ìyá Orímisàn ń pè nígbà tó bá rí ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà. Ó ní láti wa ọkọ̀ kékeré lọ sí ẹnu odò kó tó lè gbọ́ wa. A ń gbọ́ ìró omi lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

"Kò tíì dé ìlà." Ìpè àkọ́kọ́ nìyẹn.

"Ó ti kan ìlà." Ìpè kejì. "Ara rẹ̀ gbóná. Ó ní kí n má sọ fún yín."

Dókítà pè mí wọlé, ó ní kí n wá wò ó. Abọ́ pẹlẹbẹ kan tó mọ́ gaara ló gbé síwájú mi. Kòkòrò ọwọ́ Orímisàn ló gbìn sínú rẹ̀. Ó to àwọn pépà róbótó kéékèèké sórí rẹ̀, oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lára ìkọ̀ọ̀kan. Ibi tí oògùn bá ti lágbára, kòkòrò á sá, òfìfo roboto á yí pépà náà ká. Èyí tó jẹ́ ti aláṣọ méjì, kòkòrò ti hù dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń gun orí rẹ̀, bí ojú oró ṣe ń bo odò. Èyí tó tẹ̀lé e náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn orúkọ tí mo ti rà rí fún àwọn ọmọ mi ni mo ń rí, tí kòkòrò ti hù bò mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ wo etí abọ́," Dókítà wí.

Ní etí abọ́, pépà kan ṣoṣo ní òfìfo yí ká. Kò fẹ̀. Ó wà níbẹ̀ ṣá.

"Kí ló wà nínú omi?" mo bi í.

"Jíìnì kan náà. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀mù, ó sì pọ̀ jù lọ nínú kẹ́ẹ̀gì àlejò."

"Nítorí náà, omi ló kó o sí i lọ́wọ́. Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Rárá. Ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. N kò lè búra pé omi ló fún ọwọ́, n kò sì lè búra pé ọwọ́ kọ́ ló fún omi. Ó lè jẹ́ odò ló fún àwọn méjèèjì. Èyí tí mo lè búra sí ni pé ibi tí oògùn bá ti ń kán díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, tí kò tó pa gbogbo wọn, àwọn tó mọ bí a ṣe ń yè é nìkan ló ń ṣẹ́kù. Wọ́n á wá máa fún ara wọn níná."

Fóònù dún kó tó parí ọ̀rọ̀. Ohùn ìyá ti yí padà.

"Ó ti kọjá ìlà. Ṣé ẹ ti mọ̀ ọ́n? Ó ní kí n bi yín pé ṣé ẹ ti mọ̀ ọ́n."

"A ti mọ̀ ọ́n, ìyá," Dókítà wí. "Ẹ gbé e bọ̀."

*

Ará Omi

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, Orímisàn ti fẹ́ẹ̀ má mọ̀ mí. Ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ oògùn orí abọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í mọ èèyàn. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní oògùn náà ṣiṣẹ́, ó ní bí Dókítà Mojísọ́lá kò bá ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́, àwọn ì bá máa fi èyí dán an wò, fi tọ̀hún dán an wò, apá ì bá sì ti lọ. Ọwọ́ dúró. Ọmọńdinrín kò dúró. Ìka náà ti kú kí wọ́n tó gbé Orímisàn dé, wọ́n sì gé e.

Ìyá rẹ̀ bi dókítà náà ní ìbéèrè kan: "Bí èyí náà bá ṣíwọ́ iṣẹ́, èwo ló kù?"

Dókítà náà ní wọ́n ṣì ń wá a.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, a jọ fi ẹsẹ̀ rìn dé títì. Mọ́tò ń sáré kọjá. Orímisàn dúró lẹ́bàá ọ̀nà, kò kọjá, ó fi ọwọ́ òsì di apá mi mú. Mo ti ń retí rẹ̀ tipẹ́.

"Ará omi," mo wí, "ẹ tú mi sílẹ̀ díẹ̀. Èmi kì í ṣe ẹ̀ńjìnì."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè nínú bándéèjì. "Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ọmọńdinrín ló kéré jù nínú wọn, òun ni mo rán níṣẹ́."

*

Ẹni Tí Yóò Kọ́kọ́ Mu

Mo tẹ̀ lé wọn padà sí Agọ́ Májẹ̀mú. Dókítà Mojísọ́lá kò bá wa lọ. Ó ti gba ọ̀nà ìlú mìíràn pẹ̀lú kúlà rẹ̀. Òjò ti dáwọ́ dúró nígbà náà. Omi tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù ni gbogbo omi tí ilé náà ní títí òjò yóò fi padà. Ẹ jẹ́ kó yé yín: a kò lè ní kí wọ́n dà á nù. Níbo ni wọn yóò ti rí òmíràn?

Ìyá Orímisàn ń sè é, bí Dókítà ti ní kó máa ṣe. Ìkòkò ńlá kan wà lórí ààrò níbi tí ẹja yẹ kó wà, omi ń hó nínú rẹ̀, igi tí ìyá ń fi yan ẹja ló sì ń jó. Ẹja tútù ń dúró nínú agbọ̀n, ó ń retí kí omi kúrò lórí iná.

Ìyá Ẹbùn wá fọnná, àpáàdì lọ́wọ́. "Ṣé ó ti jinná?" ó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ẹ fi iyọ̀ sí i, ẹ fi ata sí i. A kò jẹ omi sísè rí lábúlé yìí."

"Ìwọ náà máa sè é, Ìyá Ẹbùn."

"Igi wo ni màá fi sè é? Kí n fi ti ẹja? Kí ni n óò tà?" Ó wo ọwọ́ Orímisàn, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Mo rí ọwọ́ ọmọ yìí, ó dùn mí dénú. Ṣùgbọ́n òbòkún ló gún un. Kì í ṣe omi. Gbogbo wa là ń mu omi yẹn, ara tèmi le."

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Mo mú ọ̀rọ̀ iná àti àpáàdì wá, bí Dókítà ti sọ ọ́. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó tún ẹyin iná tó fẹ́ já bọ́ tò lórí àpáàdì tirẹ̀, ó ní mo mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó sì lọ. Láìpẹ́, ọkọ̀ olóògùn tó ń kiri abúlé fun fèrè rẹ̀ nísàlẹ̀. Mo rí ọwọ́ Ìyá Ẹbùn tó nà jáde láti ojú fèrèsé. Mo rí pupa, mo rí yẹ́lò.

Ìyá Orímisàn bu omi sínú ife onídèérí tí mo mọ̀ yẹn. Mo ń retí kó mu díẹ̀ bíi ti àtijọ́. Kò mu. Ó gbé e fún mi bẹ́ẹ̀.

"Ìyá, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ mu."

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mu lónìí." Ó jókòó kọjú sí mi. "Ìgbà yẹn, mo mu ún níwájú yín kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kò sí ohun búburú nínú ẹ̀. Mo mọ ohun tí mo gbé fún yín, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Omi yẹn náà ni mo fi ń fọ ọwọ́ ọmọ mi. Ẹ̀yin lẹ bá dókítà rìn, ẹ̀yin lẹ wo inú abọ́ ẹ̀. Ẹ wò ó fún mi. Ṣé ó mọ́?"

Orímisàn jókòó lórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún, ìka mẹ́rin. Òun náà ń wò mí.

Mo gbé ife náà sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Eérú kékeré kan ló wà lójú rẹ̀. Mo rí ìsàlẹ̀ ife kedere, òdòdó tí wọ́n yà síbẹ̀, gbogbo ewé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo rí i lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé.

"Ó ti hó dáadáa," mo wí.

"N kò bi yín bóyá ó hó."

Mo mu ìdajì. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, èéfín ẹja ló wà lẹ́nu mi. Mo gbé ìyókù fún un, ó mu ún tán, ó sì bu òmíràn fún ọmọ rẹ̀.

Láti ilé kejì ni ohùn Ìyá Ẹbùn ti gba orí afárá wá bá wa.

"Ará òkè, bẹ́ ẹ bá mu èéfín yó lọ́hùn-ún, ẹ yà síbí o. Mo ti ṣe omi àlejò dè yín."